Bóyá Onílé Wà Nílé

"Onílé kò sí nílé," ni ẹ̀rọ náà wí.

Àrínpé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé tí gíláàsì tó wà lókè ibùsùn ọkọ rẹ̀ fi yí padà láti àwọ̀ ewé sí pupa.

"Kí lo wí?"

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Ìrètí," ni ohùn náà dáhùn, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti ìyá àgbà tó ń kí àlejò. "Mo ní onílé kò sí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Akíngbadé nà gbalaja lórí ibùsùn. Wọ́n ti fá irun orí rẹ̀. Bọ́tìnnì irin méjì ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀bátí rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn ni wọ́n ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ inú agbárí lọ, tí ìró náà sì ń padà wá sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ. Ibùsùn náà kò dúró jẹ́ẹ́. Ó ń gbé orí aláìsàn sókè díẹ̀díẹ̀, ó tún ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ èbúté.

Mofóyèkẹ́, ẹ̀gbọ́n Akíngbadé, ló jókòó tì í. Òun ló ti wà níbẹ̀ láti ìdájí, ó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bá a jà, ó ń pè é ní ọ̀lẹ pé kó dìde. Ìgbà tí Àrínpé wọlé ló tó dákẹ́.

"Ó wà nílé kí ìwọ tó dé," ni Mofóyèkẹ́ wí. "Gbogbo àárọ̀ ni gíláàsì yìí fi tutù bí ewé ẹ̀fọ́. Ìwọ lo wọlé tó fi pupa."

"Àǹtí mi, kí ni mo ṣe?"

"Ṣé èmi lo yẹ kó o bi? Bi ara rẹ! Lánàá náà, bó o ṣe jókòó tó o di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀rọ ní kò sí nílé. Mo dé, mo pariwo lé nọ́ọ̀sì lórí, ẹ̀rọ ní ó ti dé. Kí lo ṣe fún àbúrò mi tó fi jẹ́ pé bó bá ti gbúròó rẹ ló ń sá jáde?"

Ó ti ń pariwo báyìí. Pupa ojú gíláàsì rọ, ó ṣí, ó sì padà di àwọ̀ ewé.

"Onílé wà nílé," ni ẹ̀rọ náà wí.

Mofóyèkẹ́ na ìka sí i. "Ṣé o rí i?"

Àrínpé rí i. Ohun tó rí kò yé e. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ra láàárín itan. Ó ṣáà ń bẹ̀rù kó má lọ fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ kí nǹkan tún bàjẹ́.

Òfin náà wà lára ògiri lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, bó ṣe wà lára ògiri gbogbo ilé ìwòsàn ní Òkè-Ìtura. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí láti kékeré: *Bí onílé bá wà nílé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí onílé bá ti lọ, ẹ má ṣe dá ilé dúró dè é.* Ibùsùn kò pọ̀ lórí òkè. Ìsàlẹ̀, níbi tí ooru ti ń pa adìyẹ lórí ẹyin, kò ní ibùsùn kankan. Bí fèrè ọ̀sán bá dún lónìí, ọ̀rọ̀ tó bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà náà ni Ìgbìmọ̀ yóò tẹ̀ lé. Bó bá ní onílé wà, wọn yóò fi Akíngbadé sílẹ̀ síbi tó wà. Bó bá ní kò sí, wọn yóò yọ rọ́bà oògùn tó ń mú un yè kúrò lára rẹ̀.

Dókítà Odùsànyà wọlé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò sùn dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Akíngbadé wá, ọjọ́ tó yọ̀ ṣubú ní ibùdó ọkọ̀ tó ń gba orí wáyà kọjá àfonífojì, tó sì forí gbá àtẹ̀gùn irin. Ó wo gíláàsì, ó mi orí.

"Dókítà," ni Àrínpé wí, "ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó ń bínú sí mi ni?"

"Ọpọlọ tó sùn báyìí kò mọ ìbínú, Ìyá Ìrètí."

"Kí ló wá dé tí mo bá wọlé tó fi ń lọ?"

"Èmi náà kò mọ̀." Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ omi ṣàlàyé. Ẹ rò ó pé ènìyàn kan wà nínú ilé tó ń pọnmi sí ìkòkò. Bí omi inú páìpù bá le, yóò yí ẹnu ẹ̀rọ pa díẹ̀. Bí omi náà bá rọ̀, yóò ṣí i sí i. Nítorí náà, bí omi ìta ṣe wù kó rí, omi tó ń bọ́ sínú ìkòkò kò yí padà. Ọpọlọ tó yè ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí a bá gbé orí ọkọ yín sókè, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀. Bí a bá rọ̀ ọ́, á gòkè. Ohun tí ẹ̀rọ ń wò ni bóyá ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ń bá ìfúnpá gòkè-sọ̀kalẹ̀. Bó bá ń bá a lọ, kò sẹ́ni tó ń yí ẹnu ẹ̀rọ omi."

"Onílé kò sí nílé nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n onílé kì í lọ kó tún máa bọ̀ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. N kò rí irú èyí rí." Ó wo Àrínpé. "Ṣé ọkọ yín ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí?"

"Òun kọ́. Èmi ni."

Bó ṣe rí nìyẹn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tí wọ́n ń wá awakọ̀ orí wáyà, òun àti Akíngbadé jọ lọ ṣe ìdánwò ni. Òun ló tilẹ̀ ṣe dáadáa jù. Ó mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ àfonífojì ń yí kó tó yí, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró ṣinṣin lórí ọ̀pá ìdádúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, irú èyí tí ìlú fi ń ka ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn tọ̀sán-tòru, sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru kò lè gbé ẹ̀mí ènìyàn kọjá lórí ọ̀gbun. Àga awakọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Àrínpé padà sórí òrùlé ilé, ó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú agolo, ó sì ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

"Ti ọkọ yín tẹ́jú bí ojú omi," ni dókítà wí. "Ìwọ̀n inú ẹ̀gbà rẹ̀ náà ni oògùn tó ń gba rọ́bà yìí wọlé fi ń dá ìfúnpá rẹ̀ dúró. Ẹ wò ó."

Ó fọwọ́ kan gíláàsì. Ìlà kan yọ, ó gùn, ó tẹ́, ọdún dé ọdún. Dókítà ń fi ìka fà á lọ, lẹ́yìn náà ló dúró.

"Ọdún kan ṣoṣo yìí, sẹ́yìn, nìkan ló yí padà. Ẹ rí i bó ṣe wálẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tó sì tún padà ń gòkè? Lẹ́yìn náà ni ọ̀sán kan, nínú oṣù Agẹmọ." Ó fẹ ọ̀sán náà lójú. Ìlà tó tẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di òkè kéékèèké. Òkè kan, ìsinmi, òkè mìíràn. Bí ọ̀sán náà ṣe ń lọ ni àwọn òkè náà ń sún mọ́ra, tí wọ́n ń ga, títí wọ́n fi so kọ́ra wọn. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. "Àìsàn wo ló ṣe é nígbà yẹn?"

Àrínpé wò ó. Ó rántí oṣù Agẹmọ náà, ọdún tí ìjì ká òrùlé ọjà lọ. Ìjì náà ti dá ọkọ̀ orí wáyà dúró sí àárín àfonífojì, Akíngbadé sì wà nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò lè wálé. Òun nìkan ló wà lórí ẹní pẹ̀lú ìyá aládùúgbò tó ń sọ fún un pé kó mí, kó sinmi, kó tún mí.

Ọ̀sán yẹn ló bí Ìrètí.

Ọkùnrin kì í rọbí. Ìrọbí tirẹ̀ ló ń wò lójú gíláàsì ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Ìrètí?"

"Mo ń bọ̀," ni Àrínpé wí. Ó dìde, ó jáde.

Ó di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Ní iwájú rẹ̀ ni àfonífojì wà, pẹ̀lú kùrukùru ooru tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó wo ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ejò ló ká mọ́ ọn. Ìlú kó ẹ̀gbà méjèèjì fún wọn nínú àpótí kan ṣoṣo lọ́dún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Akíngbadé tó mọṣẹ́ irin ló ní kó na ọwọ́ wá kóun bá a dè é. Ó rẹ́rìn-ín sí i bó ṣe ń dè é. Ṣé ó ti pààrọ̀ kóró inú wọn, èyí tó ń jẹ́ orúkọ ẹni fún ìlú, nígbà náà? Àbí ó ṣèèṣì? Ọwọ́ tó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kó sì tò ó padà nínú òkùnkùn, ṣé ọwọ́ yẹn máa ń ṣèèṣì?

Oògùn tún wá sí i lọ́kàn. Oṣooṣù ni wọ́n ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí i. Bó bá lò ó, òòyì á kọ́ ọ, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti mú agolo omi, ilẹ̀ á máa yí. Akíngbadé ló ní kó má lò ó mọ́. "Máa kó o fún mi," ló wí, "n ó máa bá ọ dà á nù. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́." Àrínpé ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti fi yangàn nínú ara rẹ̀ pé ọkọ òun láàánú. Ṣé ó ń dà á nù lóòótọ́? Ó ti bá a nídìí àmù láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó gbé orí sẹ́yìn, tó ń fi omi ti nǹkan lọ sọ́nà ọ̀fun.

Kò mọ èyí tí ì bá rò. Ọkùnrin tó gba àga rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà lórí ibùsùn yẹn. Ọkùnrin tó máa ń gbé Ìrètí kọ́rùn lọ wo òṣùmàrè náà ni. Méjèèjì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, òun kò sì mọ èyí tí òun ń sunkún fún nínú wọn.

Ó padà wọlé. Dókítà ti lọ wo aláìsàn mìíràn. Gíláàsì ti tún pupa.

"Àǹtí mi, kí ló pa bàbá yín?"

Mofóyèkẹ́ gbójú sókè. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ṣubú lójú ọ̀nà oko. Ẹnu rẹ̀ ti yí kí a tó gbé e délé. Akíngbadé ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọdé ni nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, bí orí bá fọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rù á bà á."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

Mofóyèkẹ́ wo ojú rẹ̀, ó sì wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Àrínpé rí i pé ohun kan yé e. Àbí ó ti yé e láti ọjọ́ yìí wá? Ohùn tó fi ń pariwo láti àárọ̀ di ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìyàwó, má sọ ọ́. Wọn á ní ẹ purọ́ ẹ̀gbà. Wọn á lé yín lọ sísàlẹ̀, ìwọ, òun, àti Ìrètí. Ṣé o fẹ́ kí ooru ìsàlẹ̀ pa ọmọ náà ni?"

"Bí n kò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Mofóyèkẹ́ fi ìdí aṣọ nu ojú.

Àrínpé dúró láàárín yàrá náà. Bó bá dákẹ́, bóyá ọkọ rẹ̀ á kú, ilé á sì wà. Bó bá sọ̀rọ̀, bóyá ọkọ rẹ̀ á yè, ilé á sì tú. Bóyá bó sọ̀rọ̀ pàápàá ọkùnrin náà á ṣì kú. Ó gbìyànjú láti fi ọ̀kan wọn ọ̀kan, kò rí ìwọ̀n tí ì bá fi wọ̀n wọ́n. Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí. Ó gbọ́ bàtà dókítà lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sì tó mọ̀ pé òun ti pinnu, ẹnu rẹ̀ ti ṣí.

"Dókítà, ìwọ̀n tí ẹ ń lò fún un, tèmi ni."

"Kí lẹ wí?"

"Àìsàn kọ́ ni òkè tí ẹ rí nínú oṣù Agẹmọ. Ìrọbí mi ni. Ẹ̀gbà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ń ka ẹ̀jẹ̀ mi, èyí tó ń jẹ́ orúkọ mi ló sì ń ka tirẹ̀. Òun ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun ló ń lo oògùn mi."

Dókítà dúró bí igi. Ó wo gíláàsì, ó wo Mofóyèkẹ́, ó wo ọkùnrin orí ibùsùn. Lójijì ló fi ọwọ́ gbá iwájú orí.

"Omi líle ti mọ́ ọpọlọ rẹ̀ lára," ni ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àwa wá ń fún un ní omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó tó ẹlòmíràn. Ó ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ dé òpin, kò sí ibi tó tún lè ṣí i dé. Kò lọ rárá. Ọ̀dá ni a dá sílẹ̀ fún un!" Ó yíjú sí Mofóyèkẹ́. "Ẹ̀yin ń pariwo, ariwo yín ń gbé ìfúnpá rẹ̀ sókè dé ibi tó mọ̀. Bí Ìyá Ìrètí bá wọlé, ẹ̀yin á dákẹ́, ara rẹ̀ á rọlẹ̀. Ìfúnpá á wálẹ̀, ó parí."

"Kì í ṣe pé ó ń sá fún mi?"

"Rárá, Ìyá Ìrètí. Ara rẹ̀ ń balẹ̀ bẹ́ ẹ bá dé ni."

Àrínpé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"Ẹ gbọ́ mi," ni dókítà wí. "Mo lè gbé ìfúnpá rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n egbò wà nínú orí yẹn. Bí mo bá gbé e jù, ẹ̀jẹ̀ lè já. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún Ìgbìmọ̀. Ẹ mọ ohun tí òfin wí nípa ẹni tó bá purọ́ ẹ̀gbà."

"Ta ló purọ́, Dókítà? Ṣé ẹni tó yí i padà ni, àbí ẹni tí wọ́n yí tirẹ̀ padà?"

Ó ronú sí i. "N kò mọ̀. Òfin náà kò ronú dé ibẹ̀."

"Ẹ gbé e sókè."

Ó yí kọ́kọ́rọ́ lára rọ́bà náà díẹ̀. Gíláàsì pupa. Ó tún yí i. Ó ṣì pupa. Ibùsùn gbé orí Akíngbadé sókè, ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mofóyèkẹ́ di apá Àrínpé mú, èékánná rẹ̀ wọ ara, Àrínpé kò sì yọ ọ́. Dókítà ń wo ìlà méjì lójú gíláàsì, ìlà ìfúnpá lókè, ìlà ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ nísàlẹ̀. Méjèèjì ń jó pọ̀ bí ìbejì. Ó tún yí kọ́kọ́rọ́. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ má lọ jù," ni Mofóyèkẹ́ wí.

Ìlà òkè gòkè. Ti ìsàlẹ̀ fẹ́ bá a lọ, ó gbọ̀n, ó dúró. Ìlà òkè wálẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ kò lọ síbì kan.

"Onílé wà nílé," ni ẹ̀rọ náà wí.

Kò sẹ́ni tó pariwo nínú yàrá náà. Ìgbà tí fèrè ọ̀sán dún, àwọ̀ ewé ló wà lójú gíláàsì.

Ìgbìmọ̀ pe Àrínpé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tú ẹ̀gbà méjèèjì wò, wọ́n fi ẹ̀rọ tiwọn wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìjókòó àti ní ìdúró, wọ́n sì rí i pé kò ní àrùn kankan. Wọ́n bi í léèrè bóyá ó fẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ní òun kò tíì mọ̀. Wọ́n gba àga awakọ̀ lọ́wọ́ Akíngbadé, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ lílé wọn sísàlẹ̀, àwọn fúnra wọn kò rí i yanjú. Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn ló sọ ọ́ níkẹyìn: ẹni tó bá wà nílé, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi dáhùn. Wọn yóò dúró dè é.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà kí Akíngbadé tó la ojú. Àárọ̀ ni, Àrínpé nìkan ló wà níbẹ̀. Ojú náà rìn kiri yàrá, ó kan ògiri, ó kan fèrèsé, ó wá dúró sí ojú rẹ̀. Ètè rẹ̀ mì, ohùn kò jáde. Dókítà ti sọ pé yóò pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó padà.

Àrínpé ti ro ohun tó máa sọ nígbà náà láìmọye ìgbà, gbogbo rẹ̀ sì ti fò lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Bàbá Ìrètí" ló máa ń pè é, "ẹ" ló sì máa ń fi bá a sọ̀rọ̀.

"Akíngbadé," ló wí. "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Ojú náà kò kúrò lójú rẹ̀. Omi yọ níbẹ̀, kò ṣàn. Lókè orí rẹ̀, ìlà ìfúnpá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó gòkè kọjá ibi tó ti ń dé láti ọjọ́ mélòó kan yìí. Àrínpé ń wo ìlà ìsàlẹ̀, ó ń retí pé yóò bá a lọ. Kò bá a lọ. Ó tẹ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú láti inú. Onílé wà nílé, ó sì ti gbọ́ ìbéèrè rẹ̀.

Mofóyèkẹ́ gbé oúnjẹ wọlé nígbà náà. Ó rí ojú tó là, agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti jí! Ìyàwó, ó ti jí! Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

"Ó dá mi lóhùn."

"Kí ló wí?"

Àrínpé kò sọ fún un. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ibùsùn, ó fi etí aṣọ nu omi ojú ọkùnrin náà kó má bàa ṣàn wọ etí, ọwọ́ rẹ̀ sì le díẹ̀ bó ṣe ń nù ún.

"Tètè gba ohùn rẹ padà," ló wí fún un. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."